Má Jẹ́ Kí Fúnmi Gbé Ọmọ Jáde Nítorí Oorun Rẹ

Diobu, Port Harcourt,
Ìgbà òjò, 1965.

Ṣọlá, ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bá ọ yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun tí o rí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní Kàdúná, mo sì dúpẹ́ pé Fúnmi àti ọmọ ti wá bá ọ níbẹ̀ láyọ̀. O mọ̀ pé mo fẹ́ràn láti fi ìkíni kún ojú ìwé kan gbáko kí n tó sọ ohun tó wà níkùn mi. Lónìí, jẹ́ kí ìkíni mọ níwọ̀n. Ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ tí kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà.

O ní iṣẹ́ òru ni wọ́n fún ọ, yàrá kan ṣoṣo lẹ rí gbà, Adéọlá tó ti di ọmọ oṣù márùn-ún kì í sùn lọ́sàn-án, ẹkún rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ìwọ náà sùn. O wá kọ ọ́ pé, "Bàbá, mo ti yanjú ẹ̀. Mo ti sọ fún Fúnmi kó máa gbé ọmọ jáde láago mẹ́jọ àárọ̀, kó má sì padà wọlé títí aago méjì á fi lù."

Ṣọlá, o kò yanjú nǹkan kan. Ọ̀nà tí o fẹ́ tọ̀ yìí, mo ti tọ̀ ọ́ rí nínú ìlú tí mo wà yìí, mo sì mọ ibi tó já sí. Bí Fúnmi bá wà níta pẹ̀lú ọmọ bí o ṣe ń ka èyí, gbé lẹ́tà sílẹ̀, lọ pè wọ́n wálé. Bí o bá dé, kí o máa kà á lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Ọ̀ṣú lo wà nítorí ilé-ìwé. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ ni pé ibà ló pa Tinúọlá àbúrò rẹ ní Port Harcourt, àti pé kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ìyá rẹ kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí, tó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. O gbà á gbọ́, o sì di ìyá rẹ sínú. Ọdún kẹsàn-án rèé. O gbéyàwó, o kò pè é. O bímọ, o kò jẹ́ kó gbé e. Mo ń wò ọ́, mo dákẹ́. Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́, ṣùgbọ́n dídákẹ́ tèmi kì í ṣe ti ọgbọ́n, ti ẹ̀rù ni.

Ibà kọ́ ló pa Tinúọlá. Oorun mi ló pa á. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, kí n sì máa fa ìmọ̀ràn yọ níbi tó bá ti yẹ, torí pé àìmọ̀ nípa oorun ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Kírénì ni mo ń wà ní èbúté nígbà náà, òru sì ni mo ń ṣe. Yàrá kan la ní, onípákó, páànù ló wà lórí rẹ̀. Bí oòrùn bá ti gòkè, ilé náà á máa gbóná bí ààrò. Ẹ̀rù àìsùn ń bà mí gan-an. Mo ti fojú ara mi rí i nígbà tí ẹnìkan tòògbé lórí kírénì tí igi gẹdú sì já lu ọkùnrin kan nísàlẹ̀. Nítorí náà mi ò ní parọ́ fún ọ pé ìkà lásán ló mú mi. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ mú mi, ìkà tẹ̀lé e. Mo sọ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ kan pé, "Àbẹ̀ní, gbé ọmọ yìí jáde kí n ráyè sùn." Ẹyin lohùn, Ṣọlá. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, bó bá ti gbé ẹ̀kọ fún mi tán, á pọn Tinúọlá, á jáde. Mi ò bi í léèrè ibi tó ń lọ rí.

Èkíní nìyí o: ọmọ tí kò bá sùn lọ́sàn-án kì í sùn lóru. Mo mọ̀ pé òdìkejì ni ìwọ ń rò, bí èmi náà ti rò ó. Mo máa ń sọ fún ìyá rẹ pé kó má jẹ́ kí ọmọ sùn lójú ọ̀sán, kó lè rẹ̀ ẹ́ dáadáa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣìṣe gbáà ni. Ọmọ tó bá ti rẹ̀ jù, oorun á kún ojú rẹ̀, kò ní lè sùn ún. Á máa nà sẹ́yìn, á máa ta ẹsẹ̀, á máa ké. Bẹ́ẹ̀ ni Tinúọlá ṣe ń fi òru ké mọ́ ìyá rẹ létí, èmi wà lókè kírénì, mi ò mọ̀. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ tí mo bá dé, ó tún di kó gbé e jáde. Obìnrin náà kò sùn lóru, kò sùn lọ́sàn-án. Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Nílé tiwa, bàbá ọmọ ló ní ìyá ọmọ ò ní sùn.

Èkejì, máa wo ojú ọmọ rẹ. Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tó wúlò fún mi. Ìyá onílé tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí ló kọ́ mi, ará Mgbuoba ni, Mama Mgbuoba la sì ń pè é. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ojú mi ti kọ iṣẹ́ kírénì sílẹ̀ ni mo ti ń jókòó sílé. Àwọn obìnrin agboolé wá ń kó ọmọ wọn fún mi bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà. "Papa Yoruba, abeg hold this pikin for me, I dey come." Kò sí èyí tó ń tètè dé nínú wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èmi náà sì gbà. Wọn ò mọ ìdí tí mo fi gbà.

Lọ́jọ́ kan mò ń mi ọmọ kan jìgìjìgì, ó ń ké, mo túbọ̀ ń mì ín. Mama Mgbuoba jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Papa, which kind thing be this? The pikin don dey tell you since say sleep dey catch am. You no dey see?" Ó jókòó tì mí, ó fi ohun tí ọmọ ń ṣe kí ẹkún tó dé hàn mí. Á kọ́kọ́ dákẹ́. Ohun tó ń wò tẹ́lẹ̀, kò ní wò ó mọ́. Á fọwọ́ ra ojú, tàbí kó máa fa etí. Àsìkò yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ́ ẹ. Bí ẹ bá dúró dìgbà tó bá figbe ta, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ oṣù márùn-ún bíi Adéọlá, bó bá ti jí tó wákàtí méjì, oorun ti ń bọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, á sùn lẹ́yìn ìwẹ̀ àárọ̀, á sùn lọ́sàn-án gangan, á sì tún rẹjú díẹ̀ kí oòrùn tó rọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá sùn wọra kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Mama Mgbuoba ní, "Put am down when him eye still dey small-small." Bó bá jẹ́ orí ẹ̀yìn tàbí àyà ló ti máa ń sùn lọ nígbà gbogbo, bó bá ti lajú tó rí i pé ibòmíràn lòun wà, ẹ̀rù á bà á. Ìwọ náà, bí o bá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tí o wá jí sójú títì, ṣé o kò ní ké? Mi ò ní kí Fúnmi má pọn ọmọ o. Ẹ̀yìn ìyá dára. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó má jẹ́ ẹ̀yìn nìkan ni ibùsùn ọmọ. Tinúọlá kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń sùn ju ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ, torí pé mo ti gba bẹ́ẹ̀dì.

Ohun kan náà ni kí ẹ máa ṣe kó tó sùn, lójoojúmọ́. Kó mu ọmú, kó ṣeré díẹ̀, kí Fúnmi nù ún lójú, kó fa kọ́tìnnì, kó kọ orin kan náà fún un. Bí ọjọ́ bá ti ń gun orí ọjọ́, orin yẹn nìkan á ti máa sọ fún un pé oorun ti yá. Ẹ tẹ́ ẹ lórí ẹ̀yìn, kí ibùsùn má rọ̀ jù, kí aṣọ kankan má bò ó lójú. Bó bá mira tàbí tó kùn, ẹ má sáré gbé e. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ó lè tún sùn padà. Bó bá sì jẹ́ ẹkún gidi, ẹ lọ bá a. Mi ò gba ti ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀ kó máa sunkún títí ohùn rẹ̀ á fi há.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi ògógóró kan ọmọ lẹ́nu kó lè sùn, ẹ lé e jáde. Wọ́n ń ṣe é níbí, káíkáì ni wọ́n ń pè é. Mo ti gba ìgò lọ́wọ́ obìnrin kan rí, a jà.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí n sọ ti òjò náà.

Ìgbà òjò bíi irú èyí ni. O kò gbé Port Harcourt rí, o kò lè mọ bí òjò ibí ti ń rọ̀. Tinúọlá ti di ọmọ oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo bàjẹ́ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ibi tí ìyá rẹ máa ń wà. Ó máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Bí wọ́n bá lé e níbẹ̀, á máa rìn lọ sí etí omi, á tún rìn padà, torí pé bó bá ti dúró, ọmọ á jí. Àwọn ará ìlú wa kún ibí, ó lè yà sílé ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kò yà. Ojú ń tì í, kò fẹ́ kí wọ́n sọ níbi ìpàdé ọjọ́ Àìkú pé ìyàwó mi kò mọ bí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ. Ará ìlú ẹni tí a jọ wà lẹ́yìn odi, òun la máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún jù.

Lọ́jọ́ náà, òjò lé e wálé láago mọ́kànlá. Mo ti ti ìlẹ̀kùn látinú, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó kàn án, ó kàn án. Mo ti sùn lọ fọnfọn, mi ò gbọ́. Àwọn alájọgbé ti jáde, àfi obìnrin kan ní yàrá ọ̀kánkán tó ti fi í ṣe ẹlẹ́yà rí pé, "Madam, your oga don drive you again?" Kò lè kan ìlẹ̀kùn ti ìyẹn. Ó dúró sábẹ́ òrùlé, atẹ́gùn ń fẹ́ òjò lù wọ́n. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e sí àyà, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba òjò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí aago méjì tí mo fi ṣílẹ̀kùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ara ọmọ gbóná. Òtútù ti wọ ọ́ láyà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó lo ọjọ́ márùn-ún, ó kú.

Àwọn ará ìlú wa wá kí wa. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ẹnìkan nínú wọn béèrè pé, "Ìyàwó wo ló ń gbé ọmọ jòjòló rìn nínú òjò?" Gbogbo wọn dojú kọ ọ́. Kò sọ pé èmi ni mo lé òun jáde. Ohun tó sọ ni pé, "Ó kúkú ń sùn ni. Oorun iṣẹ́ ni. Kò gbọ́." Ó ń gbèjà mi, Ṣọlá, nígbà tí mi ò la ẹnu. Ìdálẹ́bi wọn kò kúrò lórí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa wò ó. Ìgbà tí ó sú u ló lọ sí Ìmẹ̀sí. Kò fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kóun mú ọ dání láti Ọ̀ṣú, mo ní rárá.

Wàyí o, ìwọ tí o ń ṣiṣẹ́ òru, báwo ni wàá ṣe sùn? Ó ṣeé ṣe. Bí o bá dé láàárọ̀, má ṣe bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gba ọmọ lọ́wọ́ Fúnmi fún wákàtí kan, bá a ṣeré, jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wẹ̀, kó dáná. Bí ọmọ bá ti ń ra ojú, kí Fúnmi tẹ́ ẹ, kí ìwọ náà sùn nígbà tí òun ń sùn. Ta kọ́tìnnì sáàárín yàrá. Oorun rẹ á já sí méjì, kò burú. Kí Fúnmi náà dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ọmọ bá sùn, kó fi abọ́ sílẹ̀, abọ́ kì í sá lọ. Ẹ má wá máa yọ́ rìn bí olè nítorí ọmọ. Kó gbọ́ ohùn ilé, kó gbọ́ odó àti ìgbálẹ̀, á mọ̀ ọ́n lára. Ní tìrẹ, òwú pọ̀ ní ilé iṣẹ́ yín, fi díẹ̀ di etí. Bí gbogbo èyí kò bá sì ṣiṣẹ́, lọ bá ọ̀gá rẹ kó yí ọ sí ọ̀sán. Èmi kò bẹ ọ̀gá tèmi. Mo rò pé àbùkù ni kí ọkùnrin bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹkún ọmọdé.

Mo dúró níbí, mo ka ohun tí mo kọ láti òkè wá.

Mo ti tún parọ́ fún ọ. Ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo sùn fọnfọn, tí mi ò gbọ́, kì í ṣe òótọ́. Mo lè fa ojú ìwé náà ya kí n tún un kọ. Mo fi í sílẹ̀ kí o lè rí bó ṣe ń yá mi lọ́wọ́ tó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ ọ́, gbogbo ayé ló sì gbà á lọ́wọ́ mi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Mo gbọ́. Àkọ́kọ́ tó kàn án ni mo ti jí. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ṣọlá, òjò ni o." Mo gbọ́ ẹkún ọmọ. Mo yí ojú sí ògiri. Ohun tí mo rò nínú ọkàn mi ni pé bí mo bá ṣí i lónìí, á di pé kó máa tètè wọlé lójoojúmọ́. Mo ní yóò rí ibi yà sí. Mo sì tún sùn lọ, Ṣọlá. Oorun dídùn ni. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ìyá rẹ kò mọ̀. Títí di òní, ohun tó gbàgbọ́ ni pé mi ò gbọ́, pé òun ni kò kan ìlẹ̀kùn dáadáa, pé òun ni kò yà sílé ẹnìkan. Ó ń ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ kiri ní Ìmẹ̀sí, èmi sì ń rẹ ọmọ ọlọ́mọ sùn níbí, wọ́n ń pè mí ní ènìyàn rere.

Èmi ni ó yẹ kí n lọ bá a. Mo ti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò gbójú. Nítorí náà ìwọ ni mo bẹ̀, bí bàbá bá lè bẹ ọmọ. Bí wọ́n bá ti fún ọ láyè níbi iṣẹ́, mú Fúnmi àti Adéọlá, ẹ lọ sí Ìmẹ̀sí. Dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ. Gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Bó bá gbà láti bá yín lọ sí Kàdúná, ẹ mú un dání. Bó bá kọ̀, ẹ má bínú sí i.

Lẹ́yìn náà, ka lẹ́tà yìí sí i létí, torí pé kò mọ̀wé. Má fo ibi tí mo ti sọ pé mo gbọ́. Má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bó bá ní kí o tún un kà, tún un kà. Bó bá bi ọ́ pé ṣé ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi kọ ọ́, sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá rẹ ni.